Èrè Kì í Wá Olówó Rẹ̀ Kiri: Ìtàn Dífídẹ́ńdì láti Amsterdam dé Èkó

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan wà tí kì í tán: "Prof, bàbá wa fi ìwé ṣíà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ṣé owó ṣì wà níbẹ̀?" Lójú ẹni tó ń béèrè, ọ̀rọ̀ owó ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ẹni tí kò bá mọ bí èrè orí ṣíà ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, kò lè mọ ìdí tí owó àwọn òbí wa fi sùn síbi tó sùn sí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

Àgbàsìn

Láti ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa mọ àgbàsìn. Ẹni tó ní abo ewúrẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ráyè sìn ín, á gbé e fún ẹlòmíràn kó bá òun sìn ín. Bí ewúrẹ́ bá bímọ, wọ́n á pín ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn. Bí kò bá bímọ, kò sí ohun tí wọn yóò pín. Bí ó bá sì kú, olówó ewúrẹ́ ló pàdánù.

Ṣíà kò jìnnà sí èyí. Ẹni tó ra ṣíà ti ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Àwọn olùdarí ló ń bá a sìn ín. Dífídẹ́ńdì ni ọmọ ewúrẹ́. Ẹ má ṣe fi wé owó tí a yá ènìyàn. Owó yíyá ní èlé, èlé sì di dandan nígbà tí àkókò bá tó, ì báà jẹ́ pé ẹni tó yá a jèrè tàbí kò jèrè. Ẹ má sì fi wé èésú, nítorí ohun tí o bá dá ní èésú ni o ó kó. Dífídẹ́ńdì kò ní iye kan pàtó, kò sì ní ọjọ́ kan pàtó, àfi ìgbà tí àwọn tó ń sin ẹran bá sọ pé ó ti bímọ.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà ṣá o. Ẹni tó gba ewúrẹ́ àgbàsìn mọ ilé ẹni tó ni ín. Àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ kò mọ̀ ọ́. Orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ni wọ́n mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amsterdam

Ilé-iṣẹ́ tí àwa onítàn sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni VOC, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Netherlands tó ń lọ ra ata àti àwọn èròjà ọbẹ̀ mìíràn ní Éṣíà. Ọdún 1602 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní Amsterdam nìkan, 1,143 ènìyàn ló dáwó sí i. Àwọn oníṣòwò ńláńlá wà níbẹ̀, ọmọ-ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń gbá ilé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ ojú omi lọ, ọkọ̀ ojú omi dé, ṣùgbọ́n ọdún méje kọjá, èrè kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó dáwó. Àwọn olùdarí ń fi owó náà kọ́ odi, wọ́n sì ń fi jagun.

Ní 1609, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaac le Maire, tó ti ṣe olùdarí níbẹ̀ rí, tó sì ní ṣíà púpọ̀, kọ̀wé ẹ̀sùn lọ bá ìjọba lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso owó àwọn tó dáwó. Àwọn onítàn gbà pé òun náà ní àǹfààní tó ń wá fún ara rẹ̀, nítorí ó ń tajà pé kí iye owó ṣíà já wálẹ̀. Síbẹ̀, ẹjọ́ tó rò kì í ṣe irọ́.

Ọdún 1610 ni wọ́n kọ́kọ́ pín èrè. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi pín in? Kì í ṣe owó. Mace ni, awọ pupa tó bo kóró nutmeg. Iye rẹ̀ tó 75 lórí 100 owó tí ènìyàn dá. Lórí ìwé, èrè ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ-ọ̀dọ̀ fẹ́ fi àpò mace ṣe? Bí gbogbo ènìyàn bá sì gbé tiwọn dé ọjà lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò rà á ní iye tó yẹ? Ọ̀pọ̀ ló kọ̀, wọ́n ní owó làwọn fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún fi ata pín in, tí wọ́n sì fi owó díẹ̀ kún un.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn VOC tí mo fẹ́ràn gan-an. Ní 2010, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí ìwé ṣíà ilé-iṣẹ́ náà nínú àwọn ìwé àtijọ́ tó jẹ́ ti ìlú Enkhuizen. Ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, 1606 ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ àwọn èrè tí wọ́n ti san lórí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ni ín pa ìwé rẹ̀ mọ́, ó sì mọ ohun tí wọ́n ti san fún un. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa náà.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ọdún 1960 ni wọ́n dá ọjà ṣíà Èkó sílẹ̀, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961, ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò ju 19 lọ. Ọjà kékeré ni, àwọn òyìnbó àti ìwọ̀nba ọ̀mọ̀wé ló ń ná an. Òfin 1972 ló yí i padà. Ìjọba ológun sọ pé àwọn iṣẹ́ kan di ti ọmọ Nàìjíríà nìkan, àti pé nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, àwọn òyìnbó gbọ́dọ̀ ta 40 nínú 100 fún wa. Ní 1977, òfin mìíràn sọ ọ́ di 60 nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́. Ọdún náà ni ọjà Èkó di ọjà gbogbo Nàìjíríà ní orúkọ.

Ìgbà náà ni ṣíà wọ ilé àwọn olùkọ́, àwọn akọ̀wé, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fúnra wọn. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ ni wọ́n ń fún ènìyàn, a sì ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Bí ìwé èrè bá dé nínú àpótí ìfìwéránṣẹ́, bàbá á mú un lọ sí báńkì. Ẹ̀yin tí òbí yín jẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ní ìgbà náà yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní àwọn ọdún 1970 yẹn, ìjọba tún fi òté lé iye èrè tí ilé-iṣẹ́ lè pín. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíà tuntun pín dípò owó. Bónọ́ọ̀sì nìyẹn. Inú àwọn ènìyàn máa ń dùn sí bónọ́ọ̀sì bíi pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní o ní ṣíà 2,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦10. Ohun ìní rẹ jẹ́ ₦20,000. Wọ́n wá fún ọ ní ọ̀kan lórí mẹ́rin. Ṣíà rẹ di 2,500. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò tóbi ju ti àná lọ, nítorí náà iye ọ̀kọ̀ọ̀kan á sún wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦8. Ẹ sọ 2,500 di ìlọ́po mẹ́jọ: ₦20,000 náà ni. Wọ́n kàn gé iṣu kan náà sí wẹ́wẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ ni. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá ń bá a lọ láti san iye kan náà lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, èrè rẹ lọ́dún tó ń bọ̀ yóò pọ̀ sí i.

Ìgbà tí ìrètí di gbèsè

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà nìyí. Nínú òfin wa, àwọn olùdarí ló ń dá àbá iye èrè tí wọn yóò pín. Wọn á gbé e wá sí ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún. Àwọn tó ní ṣíà lè gbà á, wọ́n sì lè dín in kù, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi kún un. Títí di ọjọ́ ìpàdé náà, ìrètí lásán ni. O kò lè pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́ pé kò pín èrè fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìpàdé bá ti fọwọ́ sí i, ó di gbèsè. Ilé-iṣẹ́ jẹ ọ́ lówó bí ẹni tó ra ẹja lọ́wọ́ rẹ tí kò tíì san án.

Gbèsè sí ta ni? Sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹni tó bá ra ṣíà lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ní gba ti ọdún yẹn, iye ṣíà náà lọ́jà sì sábà máa ń já wálẹ̀ ní ìwọ̀n èrè náà. Nítorí náà, ẹ yéé sáré lọ ra ṣíà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bíi pé ẹ ti rí owó he. Bí wọ́n bá ní ₦1 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní 2,000 ní ₦2,000. Owó orí ìjọba tó jẹ́ 10 nínú 100 á kúrò níbẹ̀, ₦1,800 á dé ọwọ́ rẹ̀.

Bí ó bá dé o.

Owó tó sùn

Ní 2004, báńkì ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ₦25 bílíọ̀nù títí òpin 2005. Báńkì tó jẹ́ 89 di 25. Láti rí owó náà, wọ́n wá sọ́dọ̀ gbogbo ayé: ìyá ọlọ́jà, ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ agùnbánirọ̀. Gbogbo ènìyàn ra ṣíà. Àwọn kan lo orúkọ méjì mẹ́ta, àwọn mìíràn lo orúkọ ọmọ tí wọn kò tíì bí, kí ìpín wọn lè pọ̀. Ní oṣù kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà náà kọjá 66,000. Láàárín ọdún kan, ó ti pàdánù ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ní 2011, ìjọba gba báńkì mẹ́ta, ẹni tó ní ṣíà níbẹ̀ sì wà lófo. Ewúrẹ́ àgbàsìn kú.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti àwọn ewúrẹ́ tó kú. Ti àwọn tó wà láàyè tí wọ́n ń bímọ ni, tí kò sí ẹni tó wá gbé ọmọ náà. Nígbà tí yóò fi di 2020, èrè tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà ní Nàìjíríà ti ju ₦150 bílíọ̀nù lọ. Ibo ló ti wá? Bàbá kó kúrò ní Yábàá lọ sí Ìkòròdú, àdírẹ́sì inú ìwé kò kúrò. Ọmọbìnrin ra ṣíà, ó lọ sílé ọkọ, báńkì kò mọ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Ìwé èrè pẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ títí oṣù mẹ́fà fi kọjá, ó di ìwé lásán. Orúkọ ọmọ tí wọn kò tíì bí ń gba èrè tí kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sí i. Olówó kú, àwọn ọmọ kò gba ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ogún rẹ̀. Tàbí kẹ̀, owó náà kéré, wọ́n ní owó mọ́tò á ju u lọ.

Òfin ilé-iṣẹ́ wa fún olówó ní ọdún 12 láti béèrè irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2020, Òfin Ìṣúná sọ pé èrè àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ṣíà, tí ó bá ti pé ọdún mẹ́fà tí ẹnìkan kò gbà á, kó lọ sínú àpò kan lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ní olówó ṣì lè wá béèrè rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yín ní ìtàn, mo mọ̀ pé owó tó bá ti wọ àpò ìjọba, ẹsẹ̀ tó máa fi jáde kì í yá.

Láti 2015 ni àjọ tó ń bójú tó ọjà ṣíà ti ń pariwo pé kí ènìyàn fi nọ́ńbà báńkì àti BVN rẹ̀ sílẹ̀, kí èrè máa wọlé tààrà. Ẹni tó ti ṣe é kò nílò kó máa ṣọ́nà fún ìwé kankan. Ẹni tí kò tíì ṣe é wà ní ipò àwọn ará Amsterdam ṣáájú 1610: ó ní ìpín, ṣùgbọ́n kò rí èrè.

Nítorí náà, fún ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa ìwé bàbá: ẹ má ju ú nù, ẹ má sì fi pamọ́ bí àwòrán. Ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ó lè ti yí orúkọ padà tàbí kí ó ti wọnú òmíràn. Ẹ wádìí rẹ́jísítrà rẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó ní ṣíà. Ẹ béèrè iye ṣíà tó wà níbẹ̀ lónìí, nítorí bónọ́ọ̀sì lè ti sọ 500 di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú ilé mọ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ogún. Ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè, ẹ kọ ohun tí ẹ ní sínú ìwé kan tí ọmọ yín lè rí, ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe rí ní báńkì.

Àwọn òbí wa kò fi owó náà ṣòfò. Nínú owó oṣù tí kò tó nǹkan ni wọ́n ti yọ ọ́. Gbèsè ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa láti gbà, onígbèsè kò sì ní kanlẹ̀kùn.