Ìdílé Oko

Ẹni tó bá gba Bájùláyé kọjá ní Ṣómólú lówùúrọ̀, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kù rìrì létí rẹ̀, tí òórùn yíǹkì sì ń pàdé rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, kò nílò olùtọ́nà kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni Èkó Àkéte, arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wò ó nínú dígí. Ó fi ìwé ìpè àtijọ́ kan hàn mí: níbi tó yẹ kí wọ́n tẹ "Ìdílé Ọkọ", àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ti já bọ́, ó ti di "Ìdílé Oko", àwọn àna sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn kò mọ̀ pé oko ni àwọn ń fi ọmọ fún.

Ìwé yìí ni mo máa ń rántí bí a bá dárúkọ àbíkú. Àwọn baba wa rí i pé ọmọ ń wá, ọmọ ń lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Dúrójayé àti Kòkúmọ́, wọ́n fi abẹ sàmì sí òkú rẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún padà wá, síbẹ̀ àbíkú sọ olóògùn dèké. Kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo ló pa gbogbo wọn, nítorí ibà àti èéyi kó tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tó ń ké eegun nígbà ọyẹ́, ti fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ẹ má sì pe àwọn baba wa ní òpè, nítorí wọ́n mọ̀ pé àìsàn a máa rin ìdílé. Kí alárinà tó dé ilé àna ni wọ́n ti ń wádìí ẹ̀tẹ̀, wèrè àti wárápá. Ohun tó fara pamọ́ fún wọn ni pé bàbá tí ara rẹ̀ le koko àti ìyá tí ara rẹ̀ le koko lè jọ gbé àṣìṣe kan náà pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ní 1910, ní Chicago, oníṣègùn Herrick kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé dípò kó rí roboto. Ní 1949, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hemoglobin, ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ni àléébù náà wà. Nígbà tó di 1957, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ingram ní Cambridge ka okùn purotéènì hemoglobin náà bí atẹ̀wé ti ń ka ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, ó sì bá àṣìṣe níbi ìkẹfà: valine jókòó síbi tí glutamic acid ti yẹ kó wà. Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ 146 ló to ara wọn sínú okùn náà, ẹyọ kan péré ló yí padà, lẹ́tà jíìnì kan ṣoṣo ló sì fà á. Ó já sí "oko" níbi tí "ọkọ" yẹ kó wà. Bí afẹ́fẹ́ bá tán lára hemoglobin bẹ́ẹ̀, á so mọ́ra wọn gbọọrọ bí igi, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀, á dí òpó ẹ̀jẹ̀, eegun á sì ké.

Kí ló dé tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò fi parẹ́? Ẹ lọ dúró létí ọ̀sà ní Bàrígà lálẹ́, ẹ̀fọn yóò dá yín lóhùn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Allison fi hàn ní 1954 pé ibà kì í tètè rí ẹni tó gba lẹ́tà náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo gbé ṣánlẹ̀. Òun ni a ń pè ní AS; ẹni tí kò gbà á rárá ni AA. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, ẹni tó gba lẹ́tà náà lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, tó sì ní fòníkú-fọ̀ladìde. 

Lọ́jọ́ tí mo wà lọ́dọ̀ bàbá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọlé wá.

"Ẹ ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ̀yin ọmọ mi?"

"A ti lọ, Bàbá. AS ni mí, AA ni òun."

Bàbá gbé awò rẹ̀ sójú, ó fa bébà mọ́ra, ó sì ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ "ọkọ" sílẹ̀ fún òun, pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ méjèèjì.