Ìbò Kánsù ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá: Ẹni tí ó San Owó Orí àti Ẹni tí ó Dìbò

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2024, a dìbò yan àwọn alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀ jákèjádò Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ náà, Ọ̀dẹ̀dá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ ka èsì jáde, ẹgbẹ́ òṣèlú APC, tí í ṣe ẹgbẹ́ gómìnà, ni ó gba ipò alága ní gbogbo 20. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù keje ọdún 2021: 20 nínú 20. Ẹni tí ó bá ya ọjà Ọ̀dẹ̀dá tàbí ti Òṣíẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn irú ìbò bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu ọlọ́jà àti lẹ́nu awakọ̀: ṣé àwa ni a dìbò ni, àbí wọ́n bá wa dì í?

Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a bojú wẹ̀yìn. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni láti bojú wẹ̀yìn. N kò fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan láre tàbí kí n dá òmíràn lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ wádìí ni okùn tí ó so ìgbìmọ̀ ìlú pọ̀ mọ́ ọkàn ará ìlú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà kan rí, àti ohun tí ó já okùn náà.

Ohun tí ojú mi rí ní Manchester

Èrò kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá gba gbogbo ipò, dandan ni kí èrú ti wọ̀ ọ́. Kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo bá irú rẹ̀ pàdé. Ọmọ ìgbìmọ̀ 96 ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú náà, mẹ́ta-mẹ́ta láti inú wọ́ọ̀dù 32. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ Labour ni ó borí ní gbogbo wọ́ọ̀dù 32. Ní ọdún 2015, bákan náà ni. Síbẹ̀ n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé a kò dìbò. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 2016, John Leech ti ẹgbẹ́ Liberal Democrat gba wọ́ọ̀dù Didsbury West mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọdún 2018, tí a dìbò sí gbogbo àyè lẹ́ẹ̀kan náà, Labour ní 94, Liberal Democrat ní 2.

Ohun méjì ni ó mú kí ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀. Èkíní ni pé ọjọ́ ìdìbò kì í yẹ̀. Ẹni tí ó fìdí rẹmi lónìí mọ ọjọ́ tí yóò tún gbìyànjú. Èkejì ni pé a kọ iye ìbò olùdíje kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ẹni tí ó ní ìbò díẹ̀ yóò rí díẹ̀ rẹ̀, yóò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èmi pàápàá dìbò ní ọdún 2016 yẹn. Òfin ilẹ̀ wọn fún ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbé ibẹ̀ láyè láti dìbò kánsù. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin mìíràn yọ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń gbé kúrò nínú owó tí kánsù ń gbà lórí ilé. N kò san kọ́bọ̀, wọ́n sì fún mi ní ìwé ìbò. Bí mo ti ń darí bọ̀ wálé ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n san owó orí fún ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀rọ̀ owó náà lọ̀ wọ́n. Ìrántí yìí ni ó bí àròkọ yìí.

Kí àpótí ìbò tó dé

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ olórí wọn, olúkúlùkù ìlú kéékèèké ni ó gbé ìṣàkóso tirẹ̀ dání wá. Àwọn Ògbóni ń dá ẹjọ́, wọ́n sì ń tún ìlú ṣe. Àwọn Ológun ń mójú tó ogun. Àwọn Pàràkòyí ń mójú tó ọjà àti òwò. A kò fi ìwé dìbò, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún olóyè kan ṣoṣo láti dá ọ̀ràn ìlú pa láìfi lọ àwọn yòókù. Àdéhùn ọdún 1893 pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ òmìnira Ẹ̀gbá, ní ọdún 1898 sì ni a dá Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpakúpa tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìjemọ̀ ní ọdún 1914, wọ́n fagi lé àdéhùn náà, Ẹ̀gbá sì di apá kan Nàìjíríà.

Owó orí ni ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1918 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, kò sì pẹ́ tí Ogun Àdùbí fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Àwọn ará oko hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n sì pa Oṣilẹ̀ Òkè-Ọnà kí àwọn ṣọ́jà tó ṣẹ́gun wọn. Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé oko ni ìjà náà ti gbóná jù. Ẹ̀gbá kì í gbé ojú kan. Ilé baba rẹ̀ ń bẹ ní Abẹ́òkúta. Abúlé rẹ̀ ń bẹ ní ìhà Ọ̀dẹ̀dá, Ọbáfẹ́mi tàbí Ìfọ̀. Ìlú ni ó ti ń jẹ oyè, ìlú ni ó ti ń sin òkú rẹ̀. Abúlé ni ó ti ń rí owó tí ó fi ń ṣe méjèèjì. Owó orí bọ́ sí ọrùn oko, àṣẹ lórí owó náà sì jókòó sí ìlú.

Owó orí àwọn obìnrin

Ní àwọn ibòmíràn, ọkọ ni ó ń san owó orí agboolé. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin ń dá tirẹ̀ san. Ọmọbìnrin a máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin kò ní san án títí yóò fi dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò sí obìnrin nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, di aláṣẹ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé imọ̀ràn lásán ni àwọn ìjòyè ń dá.

Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Láti ìparí ọdún 1947 ni wọ́n ti ń wọ́ lọ síwájú ààfin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n ń sùn síbẹ̀, tí wọ́n ń kọrin. Ohun tí wọ́n béèrè kò ṣòro láti lóye: kí a mú owó orí obìnrin kúrò, kí àṣẹ má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní oṣù keje ọdún 1948, Aláké kúrò ní ìlú lọ sí Òṣogbo. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, ó fi orí oyè sílẹ̀. A dá owó orí obìnrin dúró. Nínú ìgbìmọ̀ onígbà díẹ̀ tí a gbé kalẹ̀, obìnrin mẹ́rin jókòó, ìyá Ransome-Kútì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Aláké padà sórí ìtẹ́ ní òpin ọdún 1950, ṣùgbọ́n ètò aláṣẹ kan ṣoṣo kò bá a padà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò ka ìwé òfin kí wọ́n tó mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn ní ohùn. Ìwé owó orí tí ó wà nínú àpò wọn ni ó kọ́ wọn.

Òfin ọdún 1952 àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Ní ọdún 1952, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mínísítà tí ó mójú tó o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú àwòṣe rẹ̀ wá: kánsù onípele mẹ́ta, ọ̀kan lórí òmíràn, tí ará ìlú yóò dìbò yan èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọba àti ìjòyè ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta iye àwọn tí a dìbò yàn lọ. Fún àwọn ará oko, èyí jẹ́ ìyípadà ńlá, nítorí pé àṣẹ kò jókòó sí Aké nìkan mọ́. Ó súnmọ́ abúlé. Owó orí àti owó ìlú ni kánsù fi ń ṣe ọ̀nà àti ilé ìwé, ẹni tí ó bá san án sì mọ ilé káńsẹ́lọ̀ tí yóò lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú wọ inú kánsù, tí ìjọba ológun sì dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Ìdìbò dáwọ́ dúró, owó orí kò dáwọ́ dúró. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni Agbẹ́kọ̀yà ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn kọ owó orí, tí wọ́n sì dojú ìjà kọ àwọn òṣìṣẹ́ kánsù, títí ìjọba fi dín owó náà kù. Ohun kan náà tí ó fa Ogun Àdùbí ni ó tún padà wá lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Ní ọdún 1976, ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ìjọba ológun sọ ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo Nàìjíríà di onípele kan. Ọ̀dẹ̀dá di ìjọba ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá tí ìpínlẹ̀ náà ní nígbà náà. Àtúnṣe yìí ní ire púpọ̀ nínú, nítorí owó bẹ̀rẹ̀ sí í ti àpò ìjọba àpapọ̀ wá. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni okùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kánsù tí owó rẹ̀ ń ti òkè wá yóò máa wo òkè. Òfin ọdún 1979 wí pé kí a máa dìbò yan ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Láti ọdún 1979 sí 1983, àwọn gómìnà fi àwọn tí wọ́n fúnra wọn yàn sípò. Òfin ọdún 1999 tún ọ̀rọ̀ náà wí, ó fi ìdìbò náà sọ́wọ́ àjọ tí gómìnà ń yan àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí owó kánsù gba inú àpò àjùmọ̀ní pẹ̀lú ìpínlẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí ó má sì sí owó fún èyí tí a kò dìbò yàn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni a dìbò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò lè dá nìkan so okùn tí ó já. Bí owó bá ti Àbújá dé Ọ̀dẹ̀dá láì yà níbì kan, òkè náà ni ó ṣì ti wá. Ẹni tí ó rò pé òun kò san owó ọkọ̀ kì í béèrè ṣéńjì. Ohun tí ó yẹ kí a fi yé àwọn ènìyàn wa ni pé wọ́n ń san án. Ìyá tí ń ta gàárì ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Awakọ̀ ń san owó gáréèjì. Owó epo rọ̀bì tí à ń pín sì jẹ́ ti gbogbo wa. Àwọn 109,449 tí a kà ní Ọ̀dẹ̀dá ní ọdún 2006, àgbẹ̀ Ìlúgùn àti Òpèjì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà, kò sí ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìwé, ohun kan wà tí a lè ṣe láìdúró de gómìnà tàbí ilé-ẹjọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí a bá tún dìbò kánsù, ẹ lọ sí ibi ìdìbò tí ó súnmọ́ ilé yín, kí ẹ kọ iye tí a kà jáde fún olùdíje kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ wọ́ọ̀dù. Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá tí ó kù léèrè bí a ti ń dìbò kánsù láyé Awólọ́wọ̀ àti ẹni tí ó wọlé ní abúlé wọn. Ẹ kó o jọ sínú ìwé, kí ẹ sì mú un wá sí ẹgbẹ́ yìí. Níbi tí a bá ti kọ iye sílẹ̀, èké kì í pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ìwé owó orí ni ó la ojú àwọn ìyá wa ní ọdún 1947. Ìwé èsì ìbò lè la ojú àwọn ọmọ wọn.