Àyẹ̀wò Àìsàn Ọpọlọ (Adja-Ouèrè àti àwọn abúlé rẹ̀)

Àyẹ̀wò yìí jẹ́ ìbéèrè ṣókí tí à ń bi èèyàn, kí a lè tètè mọ ẹni tó yẹ kó rí dókítà. Èsì rẹ̀ kò sọ pé ẹnì kan ń ṣàìsàn. Ó kàn ń tọ́ka sí ẹni tó yẹ kí a tún wò dáadáa.

Adja-Ouèrè wà ní ẹkùn Plateau, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láàárín àwọn Nàgó àti Ọ̀họ̀rí. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n Nàgó ni aláìsàn ń sọ. Ẹni tó bá ní “orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi”, oògùn ibà ni wọ́n lè fún un, nígbà tó jẹ́ pé ìrònú ló ń bá a jà.

Ní ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ Lámbò àti Leighton ṣe ìwádìí nípa àìsàn ọpọlọ ní àwọn abúlé Yorùbá ní agbègbè Abẹ́òkúta, ní Nàìjíríà. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Lónìí, ìbéèrè SRQ-20 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni wọ́n ń lò fún àwọn àgbàlagbà káàkiri: 20 ni, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, a sì lè kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Ti ìyá ọmọ tuntun yàtọ̀. Ìbéèrè 10 ti Edinburgh (1987) kì í bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ìyá ọmọ tuntun wo ni kì í rẹ̀? Fún arúgbó, wọ́n tún ń bi ọmọ tàbí ìyàwó ilé bóyá bàbá ti ń gbàgbé ọ̀nà oko. Wọ́n ti lo irú èyí ní Djidja, ní Bẹ̀nẹ̀ kan náà.