Ilẹ̀ Ló Jẹ́rìí: Bí Ìmọ̀ Ohun Àtijọ́ Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Ìbàdàn

Nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Agbowó kọjú sí, Ẹ̀ka Akíọ́lọ́jì àti Ìmọ̀ Ẹ̀dá Ènìyàn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí ọ̀pọ̀ ará Bódìjà tó ń kọjá lójoojúmọ́ kò tíì wọ̀ rí. Ẹni tó bá ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú èbúté Naples ní Ítálì, níbi tí ère mábù àwọn ará Róòmù pọ̀ sí, pẹ̀lú ẹrù Pompeii, ìlú tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79, lè rò pé kò sí nǹkan bàbàrà níbí. Àpáàdì ni yóò bá, àti òkúta gbígbẹ́ tí àwọn baba wa ń pè ní ẹdùn àrá. Àmọ́ irú àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí ló gba iṣẹ́ ọwọ́ wa padà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn.

Ìjà náà ti pẹ́. Ní 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ Benin, wọ́n kó ààfin Ọba Ovonramwen, wọ́n sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ sí Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n rí bí iṣẹ́ náà ṣe gún régé, àwọn kan nínú wọn ní ọwọ́ adúláwọ̀ kò lè ṣe é. Ní 1910, Leo Frobenius láti Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ ní igbó Olókun, ó rí orí alámọ̀, ó sì kọ ọ́ pé àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ ló tẹ̀dó síbí, pé ibí yìí ni Atlantis tí òkun gbé mì. Ẹni tí wọ́n fi Gíríìkì àti Róòmù tọ́ dàgbà, wọn náà ló ń rí kiri.

Ní 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, kan àwọn orí idẹ mìíràn. Ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu, àmọ́ ṣọ́bìrì ló hú wọn jáde. Kò sẹ́ni tó kọ ohun tó wà lókè wọn àti nísàlẹ̀ wọn sílẹ̀, èyí tí ìbá sọ ọjọ́ orí wọn fún wa. Lẹ́yìn náà ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣí ní Èsìẹ́ ní 1945 fún àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000, òfin ohun àtijọ́ jáde ní 1953, ti Ilé-Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1954.

Ìbàdàn ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Ní 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí Yunifásítì yìí. Òpìtàn ni, kò sì gbà pé ohun tí òyìnbó kọ nìkan ni ìtàn. Wọ́n dá Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní 1962, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw sì dé síbẹ̀ ní 1963. Shaw ti walẹ̀ ní Igbo-Ukwu, níbi tí Isaiah Anozie ti kan ohun idẹ ní 1938 nígbà tó ń gbẹ́ kòtò omi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 160,000, àti idẹ tí àyẹ̀wò sọ pé ó ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, kí ọkọ̀ Potogí kankan tó fojú kan etíkun wa.

Ní 1965 tí Cocoa House alájà 26 parí ní Dùgbẹ̀, tí gbogbo Ìbàdàn ń gbójú sókè wò ó, Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń walẹ̀ nínú Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó òní. Wọ́n kan egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún. Èèyàn ti ń gbé inú igbó wa kí Róòmù tó dá sáyé. Ní 1970, akíọ́lọ́jì di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó dá dúró, àwọn ọmọ wa náà sì di awalẹ̀pìtàn.

Iṣẹ́ wọn gba sùúrù. Wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ wàràwàrà. Ńṣe ni wọ́n ń họ ọ́ ní ìpele-ìpele, wọ́n ń wọn jíjìn rẹ̀, wọ́n ń jọ yẹ̀pẹ̀. Èédú ìdáná ń sọ ọjọ́ orí, nítorí kábọ̀n 14 inú rẹ̀ ń dín kù láti ìgbà tí igi náà ti kú, ìdajì rẹ̀ a sì lọ láàárín 5,730 ọdún. Àpáàdì náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn amọ̀kòkò wa máa ń yí ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù kí ó lè ní bátànì. Wo àpáàdì bẹ́ẹ̀ dáadáa, wàá rí ojú ibi tí hóró ti ṣí kúrò, lẹ́sẹẹsẹ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, lẹ́yìn 1492. Nítorí náà, ìpele ilẹ̀ tí àpáàdì náà bá wà kò lè dàgbà ju ìgbà náà lọ. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti ṣa á kúrò níbẹ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀, kò lè jẹ́rìí fún ohunkóhun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Irú sùúrù yìí ló dá ẹjọ́ tí Frobenius pè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ní ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè òkun ni gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ ti wá. Awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola walẹ̀ ní Igbó Olókun kan náà, ó sì kó ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ìwádìí tó gbé jáde ní 2017 fi hàn pé èròjà inú gíláàsì náà kò bá ti ibòmíràn mu, pé Ifẹ̀ gan-an ló ń ṣe é, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Lónìí, inú wa ń dùn pé Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ idẹ Benin padà ní 2022, ó sì yẹ kí inú wa dùn. Àmọ́ kò sí orílẹ̀-èdè tó lè dá ààyè tí wọ́n ti ṣí i padà fún wa. Ohun tó ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ tiwa nìkan ni a ṣì lè dáàbò bò. Kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn òní dó ní 1829, ìletò Ẹ̀gbá Gbágùúrá ti wà lórí ilẹ̀ yìí, lójoojúmọ́ ni ilé tuntun sì ń dìde láti Ring Road dé Challenge àti ré kọjá. Kí ẹni tó bá kan ohun àtijọ́ nígbà tó ń wa ìpìlẹ̀ dáwọ́ dúró, kó má ṣe hú u, kó fi tó ìjọba àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì létí. Kí àwọn olùkọ́ kó ọmọ wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, kí ìjọba sì náwó sí iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn wa. Bí a bá jẹ́ kí katakata kó ẹ̀rí wa dànù, àjèjì mìíràn yóò tún ráyè sọ ẹni tí a jẹ́ fún wa, a ò sì ní rí ohunkóhun fi dá a lóhùn.