Láti Orí Ìwé ni Ooru Ilé ti ń Bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà ní, "Igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Òwe yìí kò bá igi wí, ẹni tó ń bọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Igi kò ní kúrò níbi tó dúró sí. Ẹni tó bá tètè rí i ni yóò yà fún un nígbà tí àyè ṣì wà. Bí igi bá ti gún ni tán, ìtọ́jú ló kù, ìtọ́jú sì lówó lórí. Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn la ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó ti bá a mu tó ilé kíkọ́. Ooru ni igi náà. Àwòrán ilé ni òkèèrè.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni í ra ilẹ̀, tí a pe bíríkìlà, tí a sì gbé ilé dìde láìbéèrè ibi tí oòrùn yóò wọ̀ sí. Ẹ wo yàrá tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, oòrùn ti rẹlẹ̀ débi pé etí òrùlé kò lè dá a dúró mọ́. Tààrà ló ń wọlé wá sórí bẹ́ẹ̀dì. Ògiri búlọ́ọ̀kù á mu ooru náà yó, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sùn. Onílé á ra ẹ̀rọ amúlétutù. Èyí tó kéré jù nínú wọn ń jẹ iná tó nǹkan bíi fáànù mẹ́wàá. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kàn. Owó epo tó ń san lóṣooṣù, owó ìtanràn àṣìṣe ọjọ́ kan ni.

Bẹ́ẹ̀, oòrùn kò fi ọ̀nà rẹ̀ pa mọ́. Ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Iléṣà, òkè orí ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án, etí òrùlé tí kò gùn púpọ̀ sì tó láti fi ìbòòji bo ògiri àríwá àti ti gúúsù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, tí fèrèsé rẹ̀ kò pọ̀, kọjú sí ìlà àti ìwọ̀ oòrùn. Láti ìhà òkun, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ni afẹ́fẹ́ wa ti ń fẹ́ wá fún ìgbà tó pọ̀ jù láàárín ọdún. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí kò bá ríbi jáde kò ní wọlé: yàrá gbọ́dọ̀ ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Fèrèsé tí à ń tì lọ tì bọ̀, ìdajì rẹ̀ ló máa ń ṣí. Lúfà tí a ti pa tì ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Àwọn kan ti ṣe é rí, iṣẹ́ wọn sì wà nílẹ̀. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ògiri kọnkéré oníhò ni wọ́n fi bo ojú ilé-ìkàwé rẹ̀: oòrùn dúró síta, afẹ́fẹ́ gba inú ihò wọlé. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ya ilé Humanities lọ́nà tó jẹ́ pé bó ṣe ń ga ló ń fẹ̀. Àjà òkè ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, òun ló sì ń gba òjò àti oòrùn fún un.

Òrùlé ló ń jìyà jù nínú ilé, nítorí òun ni oòrùn ọ̀sán gangan ń bà. Ẹ fi àlàfo sáàárín páànù àti àjà, ẹ dá ihò afẹ́fẹ́ sí i kí ooru lè ríbi jáde, kí ẹ sì yan páànù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí èyí tó dúdú ń mu ooru jù. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá gbé ìlànà jáde ní 2017 lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi iná ṣòfò. Fèrèsé, òrùlé, iná títàn àti amúlétutù wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ìpínlẹ̀ mú un lò.

Kò pẹ́ jù fún ẹni tó ti kọ́lé tán náà. Kó gbin igi sí ìhà ìwọ̀ oòrùn. Kó pààrọ̀ gílóòbù: LED oníwáàtì 9 ń mọ́lẹ̀ tó ti àtijọ́ oníwáàtì 60, kò sì gbóná tó o.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé, ẹ bi ayàwòrán ilé yín: Níbo ni oòrùn aago mẹ́rin yóò wà? Níbo ni afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, níbo ni yóò gbà jáde? Kí ló wà láàárín páànù àti orí wa? Bí kò bá rí wọn dáhùn, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀.