Ọ̀nà Appalachian

Ọ̀nà Appalachian jẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí àwọn òkè Appalachian kọjá ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó sì parí sí Òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 3,500 kìlómítà, ó sì la ìpínlẹ̀ 14 kọjá.

Ìtàn

Benton MacKaye ló dábàá ọ̀nà náà ní ọdún 1921. Wọ́n parí lílà rẹ̀ ní ọdún 1937. Ní ọdún 1948, Earl Shaffer ni ẹni àkọ́kọ́ tó ròyìn pé òun rìn ín já ní ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Ní ọdún 1955, Emma Gatewood, ìyá àgbà ẹni ọdún 67, dá nìkan rìn ín já. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀, àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló sì gbé kọ́ èjìká.

Ìrìn ọjọ́ kan

Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín já láàárín oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ máa rìn tó kìlómítà 19 lójúmọ́, láìka ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, arìnrìn-àjò á ká àgọ́ rẹ̀, á sì gbé ẹrù rẹ̀ pọ̀n. Àmì ọ̀dà funfun tó wà lára igi àti àpáta ló ń tọ́ ọ sọ́nà; bí méjì bá wà lórí ara wọn, ọ̀nà fẹ́ yà nìyẹn. Omi ìsun àti odò ló ń mu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ tàbí kí ó sè é. Ní ìrọ̀lẹ́, á pàgọ́, tàbí kí ó sùn sí ọ̀kan nínú àwọn ahéré onígi tó lé ní 250 lójú ọ̀nà náà. Kó tó sùn, á so oúnjẹ rẹ̀ rọ̀ sókè igi nítorí béárì dúdú.

Ẹrù àti oúnjẹ

Oúnjẹ ni ìṣòro ojoojúmọ́. Bí ó bá pọ̀, ẹrù á wúwo, ìrìn á sì falẹ̀. Bí ìrìn bá falẹ̀, oúnjẹ tí a nílò á tún pọ̀ sí i. Èyí hàn jù ní aginjù kan ní Maine tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà, níbi tí ọ̀nà náà kò ti gba ìlú kankan kọjá. Pátákó tó wà ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ń gba èèyàn níyànjú láti gbé oúnjẹ ọjọ́ 10 dání.

Ewu

Òjò àti afẹ́fẹ́ lè mú kí òtútù pa ènìyàn, kódà nígbà tí yìnyín kò sí. Ọ̀nà náà gba orí Òkè Washington, níbi tí wọ́n ti wọn afẹ́fẹ́ tó sáré 372 kìlómítà ní wákàtí kan ní ọdún 1934. Nítorí òtútù yìí, a ń gba àwọn tó ń bọ̀ láti gúúsù níyànjú láti dé Katahdin kó tó di àárín oṣù kẹwàá. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà ló ń parí rẹ̀.