Ọjọ́ tí Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún: ẹ̀kọ́ fún àwa tí à ń wakọ̀ pẹ̀lú fóònù

Ìtàn àtijọ́ la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa tí à ń rìn lójú títì.

Ní 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n pa ààlà sáàárín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó wà lábẹ́ Kétu tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mọ́tò wá dé, ìyàtọ̀ mìíràn tún dé pẹ̀lú rẹ̀: Faransé ní ká máa gba ọwọ́ ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì ní ọwọ́ òsì ni. Bí Dahomey, tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, àti Tógò ṣe bọ́ sáàárín àwọn ọlọ́wọ́ òsì méjì nìyẹn: Nàìjíríà ní ìlà-oòrùn, Gánà ní ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ rò ó wò ná. Awakọ̀ gbéra ní Àjàṣẹ́, ó ń lọ sí Èkó. Tó bá ti kọjá Ìgólò, tó dé Ìdí-Ìrókò, dandan ni kó fi ọ̀tún sílẹ̀ kó bọ́ sí òsì. Tó bá ń padà bọ̀, á tún yí i. Èdè kan náà là ń sọ níhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé ara rẹ̀ díẹ̀ báyìí, iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹrin 1972, láyé Ọ̀gágun Yakubu Gowon, Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún kó lè bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ mu. Gánà náà ṣe tirẹ̀ ní 4 oṣù Kẹjọ 1974.

Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀ rèé. Ọwọ́ òsì ti mọ́ àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn lára. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n fi í sílẹ̀, torí gbogbo wọn mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo tó bá kọ̀ lè pa ẹlòmíràn.

Lónìí, kò sẹ́ni tó ní ká yí ọwọ́ padà. Fóònù nìkan ni wọ́n ní ká gbé sílẹ̀. Láti 2006 ni àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú títì, èyí tí wọ́n ṣe ní Vienna ní 1968, ti ní kí òfin orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú rẹ̀ ka fóònù ọwọ́ léèwọ̀ fún ẹni tó ń wakọ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ pé ewu ìjàǹbá fún awakọ̀ tó ń lo fóònù tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tí kò lò ó. Kẹ́ ẹ fi okùn rẹ̀ sétí kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí ọkàn ti kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, tó wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ti rin mítà 33 láìríran. Ọmọ iléèwé lè já sójú títì láàárín ìgbà yẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Lójú títì, ẹ̀mí ló ń bá a lọ.

A mọ̀ pé oníbàárà ló ń pe onítakisí, a sì mọ̀ pé ìpè ni oúnjẹ onízémijan. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ tó gbé e. Ẹ̀yin èrò, ẹ má dákẹ́ tẹ́ ẹ bá rí i. Àwa tá a sì ń pè wọ́n, ẹ jẹ́ ká máa kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ṣé ẹ wà lórí ìrìn?” Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àdúrà àwọn bàbá wa ni pé ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí á tó ṣe àmín, ẹ jẹ́ ká ti fóònù bọ àpò.